Àwo Méjìdínláàádọ́ta Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣí

Ẹ̀yin òǹkàwé, obìnrin tó ni ìtàn yìí ló ní ká bá òun sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbìyànjú láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti kọ “èmi” sílẹ̀, àwáwí ni òun máa ń kọ tẹ̀ lé e. Nítorí náà, orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ la ó máa pè é: Àǹtí Kòkòrò. Ó sì bẹ̀ wá pé ká má bá òun bo nǹkan kan.

Iṣẹ́ láàbù ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Bí dókítà bá gba ẹ̀jẹ̀, itọ̀ tàbí omi ojú egbò lára aláìsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Òun ni yóò wá irú kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú rẹ̀, òun náà ni yóò sọ oògùn tó lè pa á. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti fi ṣe é. Ó mọ kòkòrò ju bó ṣe mọ aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Ọkọ rẹ̀ àtijọ́ wà ní ìlú mìíràn pẹ̀lú ìyàwó mìíràn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ọ̀dọ̀ bàbá ló yàn.

Bí wọ́n bá bi í níbi iṣẹ́ pé, “Ọmọ ńkọ́?”, kíá ló máa ń dáhùn. “Ó wà o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán láàárọ̀ yìí ni.”

Irọ́ ni. Ọmọ kì í pè ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni kò tíì fojú kàn án.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń bá a jókòó jẹun lọ́sàn-án: obìnrin àgbàlagbà kan tó ń se jẹ́lì tí wọ́n ń gbin kòkòrò sí, tó sì ń dà á sínú àwo pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbọ́n ni Àǹtí Kòkòrò ń pè é. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n dúró débi pé bó bá da ọgọ́rùn-ún àwo, ọ̀kan kì í nípọn ju èkejì lọ. Yàrá kékeré tó ń mú ooru bí ilé ìdáná ni tirẹ̀, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ìdọ̀tí láàbù kí wọ́n tó dà á nù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ohun tó ń jáde ní láàbù náà tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé kòkòrò mẹ́ta kan ń yọ ilé ìwòsàn yìí lẹ́nu. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí èèyàn bá gbé ojú lé awò tó ń mú kòkòrò tóbi lójú láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, àfi kó fi ẹ̀rọ mìíràn yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn ará láàbù sọ wọ́n ní Àkọ́bí, Ìkejì àti Àbíkẹ́yìn.

Ọ̀gá láàbù, dókítà kan tó ti ń hewú, pe Àǹtí Kòkòrò sí ọ́fíìsì.

“Oògùn kan náà ni àwọn dókítà ń fún gbogbo wọn,” ló wí. “Bí ẹni pé ohun tó bá ká ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ ká àbúrò. Kò dá mi lójú. Fi wọ́n wéra fún mi. Kọ àtẹ kan tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ ẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìsinsìnyí.”

“Ẹ máa rí i, sà.”

Iṣẹ́ náà kò le, sùúrù ló ń gbà. Wọ́n á fi kòkòrò ra ojú jẹ́lì inú àwo. Wọ́n á tẹ bébà róbótó kékeré tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn lé e lórí, wọ́n á gbé e sínú àpótí gbígbóná di ọjọ́ kejì. Bí oògùn bá ká kòkòrò, ojú jẹ́lì á mọ́ rekete yíká bébà náà, bí ìgbà tí èèyàn gbálẹ̀ yíká ìdí igi. Bí kò bá ká a, kòkòrò á hù títí á fi kan bébà. Èèyàn á wá fi rúlà wọn ibi tó mọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀. Àwo kan, aláìsàn kan.

Ó ṣe ọgọ́ta àwo fún Àkọ́bí. Oògùn tí àwọn dókítà fẹ́ràn jù ká a. Ó ṣe àádọ́ta fún Ìkejì. Oògùn yẹn náà ló ká a. Ó wá ku Àbíkẹ́yìn, àwo méjìdínláàádọ́ta. Ẹ̀gbọ́n ti da gbogbo wọn sílẹ̀, ó ti fi ọ̀rá dì wọ́n, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí wọn lára: “Fún àbúrò mi. Àbíkẹ́yìn. 48.” Ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kó gbìn ín, kó wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀ ni fóònù dún.

“Mọ́mì, ẹ káàsán o.”

“Ta ló kú?” Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ já lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Kò sẹ́ni tó kú. Mo fẹ́ wá kí yín ni. Mà á dé ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, mà á lọ lọ́jọ́ Àìkú.”

Àǹtí Kòkòrò di etí tábìlì mú. 

Ẹ máa bi í pé kí ló dé tí kò lọ bá Ọ̀gá pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń bọ̀, ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì sí i.” Èmi náà bi í. 

“Ṣebí mo ti sọ fún wọn pé ojoojúmọ́ la ń sọ̀rọ̀,” ló fi dá mi lóhùn. “Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́? Wọn ì bá mọ̀ pé irọ́ ni.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn lọ jẹun, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Àtẹ Àkọ́bí kún. Àtẹ Ìkejì kún. Ti Àbíkẹ́yìn ṣófo, ó ń wò ó lójú.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ó padà wá ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ó sì tún un ṣe bí ìyàtọ̀ bá wà. Ó tẹ mìlímítà méjìlélógún síbẹ̀ fún ibi tó mọ́. Ó tẹ mẹ́rìnlélógún. Ó tẹ mọ́kànlélógún. Ó ń yí i padà kó lè jọ òótọ́. Nígbà tó ṣe bí ogójì tán, ó rí i pé ó ti dára jù, ó bá fi méjì tí oògùn kò ká sáàárín wọn.

“Ohun tó dùn mí jù nìyẹn,” ló sọ fún mi. “Méjì yẹn. Mo fara balẹ̀ yan ibi tí mo fi wọ́n sí.”

Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ó gbé ìdì àwo náà sínú fíríìjì, sẹ́yìn àwọn ìgò, ó ti ìlẹ̀kùn, ó lọ ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun.

Ọmọ dé. Ó ga sí i, àbí ìyá ló kúrú sí i. Wọ́n jẹun. Ìyá ń bèèrè ọ̀rọ̀, ọmọ ń dáhùn, fóònù rẹ̀ ń dún nínú ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí ìyá kò rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá dín ẹyin, ó gbé omi tíì kaná. Ọmọ jẹ ìdajì.

“Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe ọjọ́ ìbí nítòsí ibí. Ibẹ̀ ni mà á gbà kọjá sílé.”

“O ní ọ̀la lo máa lọ.”

“Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Mà á tún wá.”

Nítorí ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ ló ṣe wá. Ìyá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ó bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà. Aago méjìlá ọ̀sán kò tíì lù.

Láàbù kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sílé rẹ̀. Bó bá gbin àwo náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ì bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Àìkú, òótọ́ ì bá sì wà lórí tábìlì Ọ̀gá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó mọ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀ pàápàá.

Ó tún bọ́ ọ. Ó lọ dùbúlẹ̀ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun náà, níbi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí, ó sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá gba àtẹ náà. “O káre,” ló wí. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti wà lára ògiri gbogbo wọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ tí Àǹtí Kòkòrò fẹ́ padà ṣe é dé, iṣẹ́ mìíràn wọlé. Ọ̀sẹ̀ kejì dé. Kò fẹ́ ronú nípa rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, dókítà obìnrin kan láti wọ́ọ̀dù àwọn tó fara gbọgbẹ́ wọ láàbù. Ó mú àtẹ náà lọ́wọ́. Ó ti já a kúrò lára ògiri.

“Ta ló ṣe èyí?”

Ọ̀gá jáde. “Kí ló dé?”

“Ohun tẹ́ ẹ kọ síbí ni pé oògùn yìí ká Àbíkẹ́yìn nínú èèyàn mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú méjìdínláàádọ́ta. Aláìsàn mẹ́rin ni mo ti fún. Kò ká a lára ẹyọ ẹnì kan. Káfíńtà kan wà lọ́dọ̀ mi, ayùn ló ya á lójúgun, egbò lásán ló gbé wá. A fún un ní oògùn yìí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí èsì tirẹ̀ tó jáde, nítorí ohun tẹ́ ẹ kọ sára ògiri.” Ó mí kanlẹ̀. “A gé ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ yìí. Láti ìsàlẹ̀ orúnkún.”

 Ẹ̀rọ fíríìjì nìkan ló ń kùn.

Ọ̀gá yíjú sí Àǹtí Kòkòrò. “Kí ló lè fà á?”

Ó ní òun la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ó ní òun fi Ọlọ́run búra pé òun fẹ́ jẹ́wọ́. Àmọ́ ohun tó jáde ni pé, “Bóyá àwo ló tinrin, sà.”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí jẹ́lì bá tinrin jù, oògùn á ràn kọjá ààlà rẹ̀, ibi tó mọ́ á fẹ̀, á sì dà bí ẹni pé oògùn náà lágbára ju bó ṣe wà lọ. Gbogbo wọn náà ló mọ ẹni tó ń da àwo.

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó fi aṣọ nu ọwọ́.

“Ó tinrin?” ló bèèrè. “Àwo tèmi?”

Àǹtí Kòkòrò yíjú sí tábìlì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí Ẹ̀gbọ́n lọ máa ṣiṣẹ́ ní ibi ìfọṣọ títí wọn ó fi wádìí ọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń da àwo. Bó ṣe ń tú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó pe Àǹtí Kòkòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Àbúrò mi, ìwọ lo fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n tinrin?”

“Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n bi mí ni mo fèsì.”

Ẹ̀gbọ́n ká épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ mọ́ apá. “Ó dáa,” ló wí. “Bóyá àgbà ti ń dé sí mi lọ́wọ́.”

Àǹtí Kòkòrò ní bí Ẹ̀gbọ́n bá gbá òun létí, ì bá sàn ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi dá jẹun lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ìdì àwo náà jáde kó lè lọ jù ú nù. Ó ka ohun tí wọ́n fi bírò pupa kọ sí i. Ó dúró níbẹ̀ títí ọ̀rá náà fi ń kán omi sí i lẹ́sẹ̀. Ó dá a padà.

“Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rí i ni?” mo bi í.

“Mi ò mọ̀. Mi ò kàn lè jù ú nù.”

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ẹ̀gbọ́n wọlé wá tòun ti bàtà rọ́bà ibi ìfọṣọ. Kò jókòó.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo ronú sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá da àwo, ó máa ń ṣẹ́ kù sí fíríìjì. Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀kan nínú èyí tí mo dà lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n níṣojú mi. Bó bá tinrin, ara mi á balẹ̀ níbi ìfọṣọ.”

“Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ, Mọ́mì,” ni Ọ̀gá wí.

Àǹtí Kòkòrò dìde. Ó tún jókòó. Ọ̀gá ṣí fíríìjì, ó sún ìgò sọ́tùn-ún, ó sún ìgò sósì. Ọwọ́ rẹ̀ bá ọ̀rá.

Ó gbé e jáde. Ó wúwo. Ó gbé e lé orí tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dá ìkọ̀wé ara rẹ̀ mọ̀. Ó tẹ̀ síwájú. Ó fi ìka tẹ téèpù tó fi dì í. Kò tíì já. Ó tú u fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n sórí tábìlì, lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

“Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin.”

Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Inú gbogbo àwo náà mọ́ gaara, jẹ́lì wọn dọ́gba, kòkòrò kankan kò kan wọn rí. Nígbà tó dé ogún, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gba àyẹ̀wò wọlé ti gbé ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, Ọ̀gá ti ń wo Àǹtí Kòkòrò.

“Méjìdínláàádọ́ta,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ó gbójú sókè. “O ò ṣí ọ̀kankan.”

“Ẹ̀gbọ́n...”

“O ní ó tinrin. O ò ṣí i rárá, báwo lo ṣe máa mọ̀ bó tinrin?”

Ọ̀gá kò pariwo. “Níbo lo ti rí nọ́ńbà yẹn?”

“Mo kọ ọ́ ni, sà.”

“Láti ibo?”

“Láti orí mi.”

“Kí ló dé?”

Níbẹ̀ ni gbogbo irọ́ ọdún méjì já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, “Ọmọ mi fẹ́ wá kí mi, sà,” ó sì gbọ́ bó ṣe dún létí ara rẹ̀, nínú yàrá tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń pè é.

Ọ̀gá gbé rúlà, ó tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. “Wà á ṣe méjìdínláàádọ́ta yẹn,” ló wí. “Mọ́mì á da òmíràn fún ọ. Lẹ́yìn náà, wà á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.”

Ó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n da àwo tuntun, ó dúró tì í bó ṣe ń gbìn ín, ó dúró tì í bó ṣe ń wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì. Wọn kò sọ̀rọ̀ àfi nọ́ńbà. Nínú méjìdínláàádọ́ta, oògùn kò ká mọ́kànlélógójì. Kòkòrò hù dé ìdí bébà, ó nípọn, ó ń dán. Ẹnikẹ́ni tó bá gbin àwo mẹ́ta péré nínú wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni ì bá ti rí i. Àbíkẹ́yìn kò jọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá.

Wọ́n lẹ àtẹ tuntun mọ́ ògiri. Àǹtí Kòkòrò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n padà sí yàrá rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé lójú títì lónìí, Ẹ̀gbọ́n á kí i dáadáa, á béèrè àlàáfíà rẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kì í pè é ní àbúrò mi mọ́.

Ọmọ rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó pè.

“Mọ́mì, wọ́n ní nítorí mi ni.”

“Rárá,” ni ìyá wí. “O ti lọ nígbà tí mo lè lọ ṣe é. Mo wọ bàtà, mo tún bọ́ ọ. Èmi ni.”

Ọmọ náà sunkún díẹ̀. Ó ní òun á máa pè sí i. Ó pè lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù yẹn.

Ohun tí Àǹtí Kòkòrò ní kí n bá òun sọ fún yín kò pọ̀. Ó ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ bí ilé yín bá ṣófo. Ó ní òun ì bá ti gba ọjọ́ méjì sí i lọ́wọ́ Ọ̀gá bí ojú kò bá tì òun láti sọ pé òun dá wà, ọkùnrin kan ì bá sì wà lórí ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ó lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án, ó jókòó sórí àpótí, ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ fara ti ògiri, igi gbígbẹ́ wà nílẹ̀ káàkiri. Ó ń fi ayùn gé pákó gígùn kan, pákó náà sì ń fò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kò sí ẹsẹ̀ tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

“Ẹ ǹlẹ́ o. Kí lẹ fẹ́ kàn?”

“Mi ò wá kan nǹkan, sà. Èmi ni mo kọ ohun tó wà lára ògiri ní ilé ìwòsàn. Mi ò ṣe àyẹ̀wò tó yẹ kí n ṣe. Irọ́ ni mo kọ.”

Ọkùnrin náà gbé ayùn lé itan.

“Ṣé kí n dárí jì yín lẹ ṣe wá?”

“Rárá, sà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.”

 Ọkùnrin náà wo pákó.

“Ẹ bá mi di etí ibẹ̀ yẹn mú,” ló wí.

Àǹtí Kòkòrò kúnlẹ̀, ó di pákó náà mú. Ọkùnrin náà ń gé e, lẹ́búlẹ́bú igi ń dà sí i lọ́wọ́ àti sí aṣọ.  Ó pẹ́. Nígbà tó yá, pákó já sí méjì.

“Ó ti tó,” ni káfíńtà wí. “Ẹ lè máa lọ.”